Lekki Conservation Centre: Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó lọ, àti èèwọ̀ tí igbó náà ní

Bí èèyàn bá ń lọ lójú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ nílùú Èkó, ilé ló máa rí lọ́tùn-ún, ilé náà ló máa rí lósì. Ẹ́sítéètì, báńkì, ilé epo àti ṣọ́ọ̀bù ńláńlá ló to ara wọn láti Lekki Phase 1 títí dé Ajah. Ṣùgbọ́n tó bá kọjá Jakande àti Igbo Efon, lágbègbè ibi tí ilé iṣẹ́ elépo Chevron wà, igbó kan ṣì kù níbẹ̀ tí ọ̀bọ ń fò láti orí igi kan bọ́ sórí òmíràn. Igbó ọ̀hún ni Lekki Conservation Centre, èyí tí àwọn kọ̀ńdọ́ kàn ń pè ní "Conservation".

Àlàyé yìí wà fún ẹni tó fẹ́ lọ síbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, pàápàá àwọn òbí, àwọn olùkọ́ àtàwọn tó fẹ́ kó ẹbí jáde lọ́jọ́ ìsinmi. Ẹ máa rí ohun tó wà níbẹ̀, bí ẹ ṣe máa débẹ̀, ohun tó yẹ kí ẹ gbé dání, àti ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe níbẹ̀. Ẹ má fo apá tó kẹ́yìn yẹn o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wọ géètì yẹn bí ẹni tó ń lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ lásán, bẹ́ẹ̀ igbó gidi ni wọ́n wọ̀.

Irú ibo ni ibẹ̀?

Ọdún 1990 ni wọ́n dá ibẹ̀ sílẹ̀. Nigerian Conservation Foundation, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí NCF, ló ni ín, ilé iṣẹ́ Chevron ló sì bá wọn kọ́ ọ. NCF kì í ṣe àjọ ìjọba. Olóyè Shafi Lawal Edu, gbajúmọ̀ oníṣòwò tó jẹ́ ọmọ bíbí Ẹ̀pẹ́, ló dá àjọ náà sílẹ̀ lọ́dún 1980. Ó ṣaláìsí lọ́dún 2002, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ kò dúró.

Ilẹ̀ ibẹ̀ fẹ̀ tó héktà 78. Ká sọ ọ́ bó ṣe máa yé wa, ó ju ọgọ́rùn-ún pápá bọ́ọ̀lù lọ. Kì í ṣe irú ilẹ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: irà wà, igbó tó ṣú wà, pápá tí koríko bò náà sì wà. Ìdí nìyẹn tí ẹranko ibẹ̀ fi pé oríṣiríṣi. Ọ̀bọ wà níbẹ̀, ọ̀nì wà, awọ́nrínwọ́n wà, bẹ́ẹ̀ ni ìjàpá, ọ̀kẹ́rẹ́, òkété, àgbọ̀nrín, etu, ejò àti oríṣiríṣi ẹyẹ.

Kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe súù ni o. Ní súù, wọ́n ti ẹranko mọ́ inú àgò, ẹni tó bá sì ti sanwó máa rí wọn dandan. Ní Conservation, ọ̀pọ̀ ẹranko ń rìn fàlàlà nínú ilé ara wọn ni, àwa la jẹ́ àlejò. Ẹ lè rí ọ̀bọ ogún lọ́jọ́ kan, kí ẹ má rí ẹyọ kan lọ́jọ́ kejì. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọdé kí ẹ tó kúrò nílé, kí wọ́n má baà máa sunkún pé àwọn kò rí ọ̀nì.

Bí ẹ ṣe máa débẹ̀

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ Lekki sí Ẹ̀pẹ́ ló wà, níbi tí wọ́n ń pè ní Kìlómítà 19. Ẹni tó ń bọ̀ láti Victoria Island tàbí Ọbáléndé lè wọ ọkọ̀ Ajah, kó sì sọ fún kọ̀ńdọ́ pé Chevron tàbí Conservation lòun ń lọ. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ajah náà lè wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Ọbáléndé tàbí CMS, kó sọ ohun kan náà. Ẹ má ṣe sáré la márosẹ̀ kọjá, ọkọ̀ ibẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ pé òdìkejì ni wọ́n já yín sí, ẹ wá afárá ẹlẹ́sẹ̀ lọ.

Ẹni tó ní mọ́tò ara ẹ̀ máa rí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Àwọn ará Lekki mọ̀ pé láàárọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lọ sí Erékùṣù ló ti máa ń dí, nírọ̀lẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bọ̀ wálé ló máa ń dí. Ẹ ṣírò èyí mọ́ ìrìnàjò yín, pàápàá bí ẹ bá ń bọ̀ láti Ìkejà, Agége tàbí Ìkòròdú.

Àkókò àti owó ìwọlé

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, láàárọ̀ títí di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Àárọ̀ kùtù ló dáa jù. Ìdí àkọ́kọ́ ni pé oòrùn kò tíì mú. Ìkejì ni pé àárọ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹranko àti ẹyẹ máa ń jáde wá oúnjẹ. Tó bá di ọ̀sán gangan, gbogbo wọn á ti fara pamọ́ sábẹ́ ewé. Ìkẹta ni pé èrò kò tíì pọ̀.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ọlidé ni èrò máa ń wọ́ lọ síbẹ̀ jù. Ọdún Àjíǹde, ọdún Iléyá àti ọdún Kérésì, ńṣe ni ibẹ̀ máa ń kún bí ọjà. Ẹni tó bá lè lọ láàárín ọ̀sẹ̀, kó lọ láàárín ọ̀sẹ̀.

Ní ti owó, ohun méjì ni kí ẹ fi sọ́kàn. Àkọ́kọ́, owó ìwọlé géètì yàtọ̀ sí owó afárá orí igi. Ẹni tó bá san ti géètì nìkan lè rìn nínú igbó, ṣùgbọ́n wọn kò ní jẹ́ kó gun afárá. Ìkejì, iye owó náà máa ń yí padà, ti ọmọdé sì yàtọ̀ sí ti àgbà. Ẹ wo ojú òpó ayélujára àjọ NCF lọ́sẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ má gbára lé iye tí ọ̀rẹ́ yín san ní èṣí.

Ohun tó yẹ kí ẹ wọ̀ àti ohun tó yẹ kí ẹ gbé dání

Bàtà ni nǹkan àkọ́kọ́. Ẹ wọ bàtà kánfáàsì tàbí bàtà mìíràn tó bo ẹsẹ̀, tí ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀. Bàtà gogoro àti sílípáàsì kò ṣeé wọ̀ lọ síbẹ̀. Pákó tí wọ́n tò sínú irà ní àlàfo láàárín, gogoro bàtà lè há síbẹ̀. Lórí afárá òkè, sílípáàsì tó bá bọ́ lẹ́sẹ̀ kò ní ṣeé mú padà mọ́.

Aṣọ tó fẹ́lẹ̀ tí apá rẹ̀ gùn ló dáa, torí ẹ̀fọn. Irà ni ẹ ń lọ, ẹ̀fọn ò sì ní ṣàìsí níbẹ̀. Ẹ fi ìpara tó ń lé ẹ̀fọn pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé kí ẹ tó wọlé. Ẹni tó wọ ìró àti bùbá lè wọlé o, ṣùgbọ́n kò ní gbádùn àtẹ̀gùn. Ṣòkòtò ló rọrùn jù.

Ẹ gbé omi dání, kí ẹ sì gbé ike omi náà padà. Ẹ mú fìlà tàbí agboòrùn, oògùn tí dókítà ní kí ẹ máa lò, àti báàgì tó ṣeé gbé kọ́ ẹ̀yìn tó sì ní síìpù. Síìpù yìí ṣe pàtàkì nítorí àwọn ọ̀bọ. Náílọ́ọ̀nù dúdú tí wọ́n fi di búrẹ́dì tàbí bisikíìtì kò dáa láti gbé lọ́wọ́ rárá, ìdí rẹ̀ máa hàn níwájú.

Bó bá jẹ́ oúnjẹ lẹ fẹ́ gbé wá, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn òṣìṣẹ́ ẹnu géètì nípa ohun tí wọ́n gbà wọlé àti ibi tí ẹ ti lè jẹ ẹ́. Ẹ má di í sínú àwo fóòmù. Oṣù Kìíní ọdún 2024 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé àwọn fòfin de àwo fóòmù yẹn. Kúlà àtàwọn abọ́ tí wọ́n ṣe é fọ̀ ló yẹ.

Ọ̀nà pákó inú irà

Lẹ́yìn géètì, ohun tó máa gba àlejò ni ọ̀nà tí wọ́n fi pákó tò kọjá lórí irà. Ọ̀nà yìí ló yí inú igbó náà ká, ó sì ju ìrìn kìlómítà kan lọ. Ẹni tó bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́, tó ń dúró wo nǹkan, kó fi wákàtí kan sí méjì sílẹ̀ fún un.

Abẹ́ pákó náà lomi wà, pàápàá lásìkò òjò. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí igi ògùrọ̀ àti oríṣiríṣi ewé tí ẹsẹ̀ wọn wà nínú omi. Àwọn ibi kan wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ṣe fún ìdúró: ibi tí èèyàn ti lè wo irà, ibi tí èèyàn lè sá pamọ́ sí kó máa wo ẹyẹ, àti ilé orí igi, ìyẹn ilé kékeré tí wọ́n kọ́ sórí igi ńlá kan. Àkàbà ni wọ́n ń gùn débẹ̀, ó sì ga. Ẹni tí òòyì máa ń kọ́, kó dúró nísàlẹ̀ kó máa ya fọ́tò àwọn tó gùn ún.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹranko, ẹ dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n òun ló ṣòro fún wa jù. Ẹgbẹ́ tó bá ń pariwo, tó ń fi fóònù kọ orin sókè, kò ní rí nǹkankan àyàfi ewé. Àwọn méjì tó bá ń rìn jẹ́ẹ́ lẹ́yìn wọn ló máa rí awọ́nrínwọ́n tó ń yáàrùn.

Lásìkò òjò, pákó máa ń yọ̀. Ẹ di ọwọ́ ọmọdé mú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sáré. Ẹ má sì kúrò lójú ọ̀nà pákó bọ́ sínú igbó, ì báà jẹ́ láti ya fọ́tò tàbí láti tọ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, ẹ lò ó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn.

Afárá orí igi

Òun ló sọ ibẹ̀ di ìlúmọ̀ọ́ká. Oṣù Kejìlá ọdún 2015 ni wọ́n ṣí i. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401, òun sì ni wọ́n mọ̀ sí afárá orí igi tó gùn jù nílẹ̀ Áfíríkà. Níbi tó ti ga jù, ó tó mítà 22.5 láti ilẹ̀, ìyẹn bí ilé alájà méje.

Afárá náà tẹ́ẹ́rẹ́. Okùn àti àwọ̀n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì tí èèyàn lè dì mú, àwọn ilé ìṣọ́ sì wà láàárín tí èèyàn ti lè mí sínú. Ó máa ń mì tí èèyàn bá ń rìn lórí rẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Ohun tó léwu ni kí àwọn kan máa fò lórí rẹ̀ kí wọ́n lè dẹ́rù ba àwọn tó wà níwájú. Eré yẹn kò dáa. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè fi ìkánjú ṣubú, kó sì fi ara pa.

Bí òṣìṣẹ́ bá ní kí ẹ dúró kí àwọn tó wà níwájú kọjá tán, ẹ dúró. Bí òjò bá ń ṣú, tí ààrá ń sán, ẹ má gùn ún, torí orí nǹkan gíga láàárín igi kì í ṣe ibi tó yẹ kí èèyàn wà nígbà náà. Ẹ fi okùn fóònù kọ́ ọrùn tàbí kí ẹ fi fóònù sápò bí ẹ bá ń rìn. Ibi ìdúró ni kí ẹ ti ya fọ́tò.

Àwọn wo ni kò yẹ kó gùn ún? Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò tíì rọlẹ̀, ẹni tí ọkàn ń yọ lẹ́nu, ẹni tí mímí máa ń nira fún, aboyún, àti ẹni tí orókún ń dùn. Ẹni tó bá gbé ọmọ pọ̀n, kó fún ẹlòmíì bá a mú un nísàlẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú kéèyàn sọ pé òun ò gùn.

Àwọn ọ̀bọ ibẹ̀

Irú ọ̀bọ tó pọ̀ níbẹ̀ ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mona. Ẹ̀yìn rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ikùn rẹ̀ funfun, ìrù rẹ̀ gùn, àmì funfun méjì sì wà nítòsí ìdí ìrù náà. Akọ rẹ̀ lè wọn tó kílò márùn-ún. Bó bá jẹun, ó máa ń kó èyí tó kù sínú àpò tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, bí ẹni fi owó pamọ́ sétí aṣọ. Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà títí dé Kamẹrúùnù ni ilé wọn. Ọkọ̀ ojú omi ayé òwò ẹrú tilẹ̀ gbé wọn dé erékùṣù Grenada, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí dòní.

Ọ̀bọ ibẹ̀ ti mọ èèyàn. Wọ́n mọ̀ pé inú náílọ́ọ̀nù ni búrẹ́dì máa ń wà, wọ́n mọ̀ pé àwọn ọmọdé kò lágbára láti di nǹkan mú. Bí ọ̀bọ bá já nǹkan gbà lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹ má bá a jà á gbà. Ẹ má tẹjú mọ́ ọn, ẹ má sì ṣeyín sí i, torí lójú tirẹ̀, ìpènijà sí ìjà lẹ ń ṣe. Ẹ má sì súnmọ́ ọmọ ọ̀bọ bó ti wù kó wuni tó. Ìyá rẹ̀ kò jìnnà.

Àwọn kan máa ń rò pé àánú ni kí wọ́n fún ọ̀bọ ní bisikíìtì. Kì í ṣe àánú. Ọ̀bọ tó ti ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ èèyàn á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń wá èso àti kòkòrò jẹ nínú igbó. Lọ́la, bí kò bá rí oúnjẹ, ọwọ́ ọmọ ẹlòmíì ló máa ti já a. Bó bá wá bu ọmọ náà jẹ, ọ̀bọ yẹn ni gbogbo èèyàn á máa dá lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ náà ni àìsàn lè ti ara èèyàn dé ara ọ̀bọ, ó sì lè ti ara ọ̀bọ dé ara èèyàn.

Bí ọ̀bọ bá bu èèyàn jẹ tàbí ya á lára, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́, kí ẹ sì kọjá sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Dókítà ló máa sọ bóyá abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi yẹ. Ẹ má fi epo pupa pa á, kí ẹ sì lọ sùn. Bó bá jẹ́ ejò ló bu èèyàn jẹ, ẹ má sín ojú ibẹ̀, ẹ má fi okùn so ó pinpin, ẹ má sì fẹnu fà á. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ibi ìsinmi, eré àti ti àwọn ọmọdé

Kì í ṣe ìrìn nìkan ló wà níbẹ̀. Ibi tí ẹbí ti lè tẹ́ ẹní kí wọ́n jókòó wà, adágún ẹja wà, àwọn ayò ńlá sì wà tí wọ́n yà sí ilẹ̀: lúdò, eré ejò àti àkàbà, àti chess tí ọmọ ayò rẹ̀ tóbi débi pé ọwọ́ méjèèjì ni ọmọdé fi ń gbé e. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé náà wà.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ máa ń kó ọmọ lọ síbẹ̀ gan-an. Olùkọ́ tó bá fẹ́ kó kíláàsì lọ, kó kọ́kọ́ kọ̀wé sí wọn kí ọjọ́ tó pé, kó lè bá wọn ṣètò ẹni tó máa mú àwọn ọmọ kiri. Kó pín wọn sí ọ̀wọ́ kéékèèké, kí àgbàlagbà kan wà níwájú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí òmíràn wà lẹ́yìn. Iṣẹ́ tó dáa tí wọ́n lè fún ọmọ ni kó kọ orúkọ igi tàbí ẹranko márùn-ún tó rí sílẹ̀ ní Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ló mọ orúkọ ẹ̀kùn àti kìnnìún tí wọn kò rí rí, tí wọn kò sì mọ etu tó ń gbé tòsí ilé wọn.

Fún àwọn àgbà tí ẹsẹ̀ ti ń dùn, apá ibi tí wọ́n ti ń jókòó lábẹ́ igi tó. Ọ̀nà pákó kò fẹ̀ púpọ̀, kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara àti kẹ̀kẹ́ ìtìmọ kò lè rọrùn níbi gbogbo. Ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ṣáájú, kí wọ́n sọ ibi tó ṣeé dé fún yín, dípò kí ẹ gbé Ìyá Àgbà láti Agége kí wọ́n wá jókòó sínú mọ́tò.

Ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ìgbéyàwó tàbí fíìmù, tàbí tó fẹ́ fò dúróònù, kó gba àyè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ kó tó kó ohun èlò rẹ̀ débẹ̀.

Kí ló dé tí igbó yìí fi ṣe pàtàkì?

Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Lekki ni irà tẹ́lẹ̀. Yanrìn ni wọ́n dà sí i kí wọ́n tó kọ́lé lé e. Irà kì í ṣe ilẹ̀ òfò bí àwọn kan ṣe ń rò. Ó dà bí kànrìnkàn: bí òjò bá rọ̀, á fa omi mu, á sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti dí irà pa, tí wọ́n rọ kọnkéré lé e, omi òjò kan náà yẹn kò ní rí ibi gbà. Ojú títì àti pálọ̀ làwọn èèyàn ti máa bá a. Ẹni tó bá ń gbé Èkó lóṣù Kẹfà, nígbà tí òjò máa ń pọ̀ jù, mọ ohun tí à ń sọ.

Àwọn Yorùbá ti mọ bí wọ́n ṣe ń pa igbó mọ́ tipẹ́. Ẹ wo Igbó Òṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO fi sára àwọn ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Igbó náà fẹ̀ tó héktà 75, ó kéré díẹ̀ sí ti Lekki. Ọdún 1965 ni ìjọba sọ ibẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ kí òfin yẹn tó dé tí wọ́n ti ń dá a sí. Kí ló dáàbò bò ó? Èèwọ̀ ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣọdẹ níbẹ̀, kò gbọdọ̀ pa ẹja inú odò, kò gbọdọ̀ gé igi. Ẹni tí kò gbàgbọ́ nínú Òṣun náà mọ̀ pé àwọn nǹkan yẹn kò ṣeé ṣe.

Igbó Lekki kò ní olórìṣà, kò ní àwọrò, kò sì sí ẹni tó ń bẹ̀rù pé nǹkan máa ṣe òun tóun bá ju ike sínú omi. Ògiri, géètì àti òṣìṣẹ́ díẹ̀ ló ní. Òṣìṣẹ́ kò lè tẹ̀lé gbogbo àlejò káàkiri héktà 78. Torí náà, ọwọ́ àwọn tó ń wá ni èèwọ̀ ibẹ̀ wà. Bí wọ́n bá pa á mọ́, igbó á wà. Bí wọn kò bá pa á mọ́, kò ní ju ọgbà ìgbafẹ́ kan tí igi díẹ̀ wà nínú rẹ̀ lọ.

Èèwọ̀ ibẹ̀ nìyí

Ẹ má fún ẹranko kankan ní oúnjẹ, ì báà ṣe ọ̀bọ, ẹja tàbí ẹyẹ, àfi tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ju náílọ́ọ̀nù, ike tàbí bébà sílẹ̀. Náílọ́ọ̀nù tó bá ní òórùn oúnjẹ lára, ẹranko lè gbé e mì, kó sì há a nínú. Bí ẹ kò bá rí ibi ìdalẹ̀sí, ẹ fi sápò títí ẹ ó fi débẹ̀.

Ẹ má mu sìgá, ẹ má sì dáná níbi tí wọn kò yà sọ́tọ̀ fún un. Lásìkò ọyẹ́, koríko pápá máa ń gbẹ, iná kékeré sì lè di ńlá.

Ẹ má já ewé tàbí òdòdó, ẹ má bó èèpo igi, ẹ má sì fi ọ̀bẹ kọ orúkọ olólùfẹ́ yín sára igi. Ìfẹ́ náà lè tán, àpá rẹ̀ kò ní kúrò lára igi.

Ẹ má sọ òkò lu ẹranko, ẹ má sì kígbe lé wọn lórí kí wọ́n lè yíjú sí kámẹ́rà.

Ẹ má gbé ohunkóhun kúrò níbẹ̀: ẹyin, ìjàpá, òdòdó, ohunkóhun. Ẹ má sì gbé nǹkan wá tú sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ní ìjàpá nílé tó ti sú u, kó bá àjọ NCF sọ̀rọ̀, kó má lọ jù ú sínú irà.

Ẹ fi ajá sílẹ̀ nílé. Ajá tó gbọ́ òórùn etu kò ní gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ mọ́.

Bí Èkó bá jìnnà sí yín

Igi kan kì í dágbó ṣe. Lekki nìkan kọ́ ló wà. Àwọn ará Ìbàdàn ní Agodi Gardens, tó ti wà láti ọdún 1967. Àkúnya omi bà á jẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n tún un kọ́, wọ́n sì tún ṣí i fún aráàlú. Àwọn tó wà ní Ọ̀yọ́ àti Ṣakí súnmọ́ Old Oyo National Park, níbi tí àwókù Ọ̀yọ́ Ilé wà. Èkìtì ní Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ní ìṣàn omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn Ìjẹ̀ṣà. Bàtà tó bo ẹsẹ̀, àárọ̀ kùtù, ohùn jẹ́ẹ́ àti kéèyàn gbé ìdọ̀tí rẹ̀ padà wálé wúlò ní gbogbo wọn.

Kí ẹ tó jáde nílé

Ẹ wo ojú òpó NCF fún iye owó àti àkókò. Ẹ wo ojú ọjọ́. Ẹ fi oúnjẹ sínú báàgì onísíìpù. Ẹ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ nípa ọ̀bọ. Ẹ sọ fún ẹnìkan nílé ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ gbé náílọ́ọ̀nù kan tó lágbára dání fún ìdọ̀tí yín, bí ẹ bá sì rí ike ẹlòmíì lójú ọ̀nà pákó, ẹ bá wa mú un.